Afárá Tó Yege Nínú Fídíò

Ní Kabba, ènìyàn méjì péré ló lè gba àárín ìgboro kọjá láìkí ẹnikẹ́ni: òkú tí wọ́n ń gbé lọ sin, àti Ọ̀gá Àgbà Olúwagbémiga nínú jíìpù rẹ̀ tó ti gíláàsì pa. Òkú tilẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí àwọn tó gbé e á máa kí ènìyàn lọ́nà. Okun o, okun o, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa wí títí dé ibojì. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà? Ẹ lọ kí ògiri.

Ká má tan ara wa, ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò lu ẹnikẹ́ni rí, kò gba ìyàwó oníyàwó. Ohun tó ń ṣe é kò ju pé ó fẹ́ràn ara rẹ̀, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé wá bá òun fẹ́ràn rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìjọba wá fi ṣe olórí ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn kọngílá wò. Bí kọngílá bá la ọ̀nà, tàbí tó kọ́ ilé ẹ̀kọ́, tàbí tó ṣe afárá, Olúwagbémiga ni yóò sọ bóyá ó yege. Bó bá ti ní ó yege, ó parí nìyẹn. Kọngílá á kó irinṣẹ́ rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó tún lè pè é padà. Bó bá ní kò yege, kọngílá á tún un ṣe. Iṣẹ́ tó yẹ kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí rẹ̀ ni, kó gun orí rẹ̀, kó fi òkúta kàn án, kó gbọ́ bó ti ń dún. Ṣùgbọ́n inú igbó ni àwọn iṣẹ́ náà wà, funfun sì ni bàtà Ọ̀gá Àgbà.

Nítorí náà, nígbà tó kọ́kọ́ dé orí àga, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ.

"Ẹ̀yin ọmọ ọ̀làjú," ó ní, "láti òní lọ, n kò ní máa wá iṣẹ́ lọ. Iṣẹ́ ni yóò máa wá mi bọ̀. Kọngílá tó bá parí iṣẹ́, kó ya fídíò rẹ̀ wá. Ìlú tó bá ní ẹ̀sùn, kí wọ́n ya fídíò ẹ̀sùn wọn wá. A ó wo bí àwòrán ti mọ́ tó, a ó gbọ́ bí ohùn ti já gaara tó, a ó sì fún un ní máàkì. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀?"

Wọn kò mọ ìdí rẹ̀.

"Ìmọ́lẹ̀ ni òtítọ́. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó dáa. Ohun tó bá ti wá ṣú dùdù, tí ohùn rẹ̀ há bíi ti ẹni tí ikọ́ ń ṣe, a jẹ́ pé irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Àwòrán tó mọ́, òtítọ́ tó mọ́. Àwòrán jágbajàgba, irọ́ pọ́ńbélé."

"Ránkadédé, sà," ni gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkíni tí àwọn baba wọn kó bọ̀ láti ọ́fíìsì Kàdúná láyé àtijọ́ nìyẹn. Wọ́n ti gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n lọ ṣe níbẹ̀, wọn kò gbàgbé ìkíni.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe ohun kan láràárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ẹni tó bá rí i lójijì á rò pé ìsìn ni. Tẹlifíṣàn kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì wà nínú gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá Àgbà sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá hàn lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù á dìde jẹ́rìí.

"Ibi tí ẹ ti dákẹ́, ọ̀gá," ni akọ̀wé àgbà wí ní ọjọ́ kan, "kí ẹ tó wá sọ pé 'nítorí náà.' Ìdákẹ́ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ní tèmi, eyín yín ni," ni akápò wí. "Iná lọ nílé wa lálẹ́ àná. Fídíò yín ni mo ṣí sílẹ̀ tí ìyàwó mi fi rí ọbẹ̀ bù."

Nígbà tó kan màígádì, ó ní òun kò rí nǹkan kan nítorí ẹnu géètì ni òun wà. Ọ̀gá Àgbà káàánú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àga rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn wá síwájú tẹlifíṣàn, kó má baà máa pàdánù. Láti ọjọ́ náà, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò di òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ń wọlé láàárọ̀, wọ́n ń jáde nírọ̀lẹ́, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ju àwọn kan lọ.

Ẹni tó sún mọ́ Ọ̀gá Àgbà jù ni Monica, olórí àwọn tó ń ya fídíò. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ọ̀gá," á ní. "Ẹ yí i sí mi díẹ̀. Hẹn-ẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn nìkan tó orílẹ̀-èdè." Òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Àgbà fún un: bí kámẹ́rà bá ti ń ṣiṣẹ́, kò gbọdọ̀ pa á àyàfi bí òun bá na ìka ìfábẹ̀lá sókè.

Ìlú kékeré kan wà lẹ́yìn Kabba tó ń jẹ́ Odò-Ẹgà. Ẹyẹ ẹgà ló ni ìlú náà, kí ènìyàn tó bá wọn dé ibẹ̀. Orí ọ̀pẹ tó wà létí odò ni wọ́n ń gbé, ariwo wọn kò sì ní ìsinmi. Odò náà ló dá ìlú dúró sí ẹ̀yìn ayé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ kì í ju orúnkún lọ. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé, á máa gbé ìtì igi lọ bí ẹni gbé pákò, ará Odò-Ẹgà tó bá ní iṣu láti tà, tàbí aboyún láti gbé lọ sí ọsibítù, á jókòó ti ìṣòro rẹ̀ títí omi yóò fi fà.

Ìjọba wá rántí wọn. Wọ́n rán kọngílá kan tó ń jẹ́ Destiny sí wọn kó wá ṣe afárá. Destiny ń lo sìmẹ́ńtì bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Gbogbo ìlú ló rí i. Afárá náà kò tíì gbẹ tán tí adìyẹ fi ń fi ẹsẹ̀ tan án, tí wọ́n ń rí kòkòrò jẹ. Destiny wá kun ún ní ọ̀dà funfun àti àwọ̀ ewé, ó sì lẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọge ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Wọn kì í gun orí rẹ̀ ṣá o. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí.

Olórí àwọn obìnrin ìlú náà, Ìyá Agatha tó ń ta iṣu, ló ní kí wọ́n fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ kí Ọ̀gá Àgbà tó gba afárá náà wọlé. "Bó bá ti ní ó yege," ó ní, "Destiny á lọ, a ò ní rí i mọ́. Òjò àkọ́kọ́ ló máa gbé nǹkan yìí. Ọkọ̀ iṣu ló máa wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, àbí aboyún, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀."

Wọ́n fi fóònù ya fídíò létí odò. Èsì dé láti Kabba: ariwo ẹyẹ ti bo ohùn mọ́lẹ̀, ẹ̀sùn kò sí.

Wọ́n kó ara wọn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n tún ẹjọ́ rò. Ohùn já gaara lọ́tẹ̀ yìí. Èsì dé: afárá kò hàn nínú fídíò, ẹ̀sùn kò sí.

Wọ́n jí lọ sí etí odò ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀, kí ẹgà tó jí. Èsì dé: ó ṣókùnkùn, òtítọ́ kì í ṣókùnkùn, ẹ̀sùn kò sí.

Ìyá Agatha wá ṣán aṣọ rẹ̀ mọ́dìí, ó di ẹ̀là kan lára afárá náà sínú gèlè, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kabba. Kò sí màígádì ní géètì, nítorí náà òun àti ewúrẹ́ méjì jọ wọlé ni. Ó bá Ọ̀gá Àgbà níbi tó ti ń wo ara rẹ̀.

"Okun o, ọ̀gá."

Ọ̀gá Àgbà mi orí.

"Láti Odò-Ẹgà ni mo ti wá. Afárá wa ni." Ó tú gèlè sórí tábìlì. Kí ó tó tú u tán, ẹ̀là náà ti wó. Ó dà sórí gíláàsì, ó dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, díẹ̀ wọ inú tíì Ọ̀gá Àgbà.

"Ìyá, kí lèyí?"

"Ẹ̀rí ni, ọ̀gá."

"Èyí kì í ṣe ẹ̀rí. Yanrìn ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn."

Ọ̀gá Àgbà wo yanrìn, ó wo Ìyá Agatha, ó fi ẹ̀yìn tì. Ká ní ọkàn rẹ̀ gbà á láyè, ì bá ti rí i pé ìyá náà ti parí iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó fún òun láti ṣe. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. "Ẹ lọ ya á wá ní fídíò," ó ní. "Kí ó mọ́, kí ohùn rẹ̀ já. Nígbà náà ni ilé-iṣẹ́ yìí á tó mọ̀ pé ẹ ní ẹ̀sùn." Ó tẹ agogo, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ wá, wọ́n gbá ẹ̀rí jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni fídíò Destiny dé. Ẹ̀yin náà ì bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ kan tó ń fò bí àṣá ló yà á láti òkè. Oòrùn ń wọ̀, ojú ọ̀run pọ́n bí ẹyìn, ìyàwó tuntun kan nínú aṣọ funfun ń rìn bọ̀ létí odò, àwọn ẹyẹlé ń fò lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ bí kànga wá sọ pé, "Afárá kan. Ìrètí kan." Afárá náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ lójú, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa wo afárá níbi tí ìyàwó tuntun wà?

Ọ̀gá Àgbà wò ó títí ojú rẹ̀ fi kún fún omi. Ó fún un ní ọgọ́rùn-ún máàkì nínú ọgọ́rùn-ún.

"Monica," ó ní, "irú iṣẹ́ báyìí kò yẹ kí a fi ìwé lásán gbà wọlé. Àga kọmíṣọ́nnà kan ṣófo ní Lọ́kọ́ja. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ọ̀gá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ló ń dúró dè."

"Èmi fúnra mi ni n ó lọ sí Odò-Ẹgà. N ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, n ó wa ọkọ̀ gba orí afárá yẹn kọjá, kí ó máa lọ lórí tẹlifíṣàn lójú ẹsẹ̀, kí àwọn tó wà lókè ní Lọ́kọ́ja máa wò mí bí mo ṣe ń ṣe é. Kò gbọdọ̀ sí àbùkù kankan nínú àwòrán. Kò gbọdọ̀ sí àbùkù nínú ohùn."

Báyìí ni ó ṣe di pé Ọ̀gá Àgbà lọ wo iṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń yẹ iṣẹ́ wò.

Ó kọ́kọ́ lọ dán ohùn wò. Ohùn kò ṣeé dán wò. Ẹgà ń pariwo, ẹ̀rọ ìlọta ń pariwo, ewúrẹ́ ń ké. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ ìlọta, kí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ó bẹ pásítọ̀ àti lèmọ́mù pé kí wọ́n jẹ́ kí Ọlọ́run sinmi títí fídíò yóò fi parí. Ó ní kí wọ́n gé gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹgà kọ́lé sí. Wọ́n gé e, ẹgà kó lọ sí oko kejì láti lọ rojọ́ ara wọn.

Ó ku àwọn ènìyàn. Ẹ ò lè fi okùn so ará ilẹ̀ Okun mọ́lẹ̀ pé kó má kí ènìyàn. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń kí àwọn oníkámẹ́rà. "Okun o, ẹ kú iṣẹ́ o." Àwọn oníkámẹ́rà náà á dáhùn, nítorí inú ilé rere ni wọ́n ti wá, Monica á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà lọ bá Olú, ọba ìlú náà, Bàbá Moses, àgbàlagbà kan tó máa ń ronú kó tó dáhùn, tó sì tún máa ń ronú lẹ́yìn tó bá dáhùn tán.

"Bàbá, kí ni mo lè ṣe tí ìlú yìí á fi panu mọ́?"

Bàbá Moses ronú. "Ìpanumọ́ wà," ó ní. "Ọjọ́ tí a bá ń gbé iṣu tuntun wọ ìlú la máa ń fi í lélẹ̀. Láti ìgbà tí iṣu bá kúrò lóko títí yóò fi dé iwájú ilé mi, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọhùn. Kódà bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, á fi ọwọ́ júwe ni. Ẹni tó bá fọhùn ba iṣu ọdún yẹn jẹ́ fún gbogbo ìlú."

"Ìyẹn ni mo fẹ́. Ẹ fi í lélẹ̀."

"Kì í ṣe báyẹn, ọ̀gá. Ẹni tó bá fi í lélẹ̀ nìkan ló lè ká a. Kò sẹ́ni tó ń bá a ká a."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ni n ó fi í lélẹ̀."

Ìyá Agatha wà níbẹ̀. "Ọ̀gá," ó ní, "bí nǹkan bá fẹ́ ṣe yín lórí afárá yẹn ńkọ́? Ṣé ká sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Bí mo bá sín pàápàá, ẹ má kí mi."

"Ẹ gbọ́ o," ni Bàbá Moses wí. Ó tún wá ronú.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá Àgbà dé pẹ̀lú agbádá kan tó lè bo ilé ẹ̀kọ́. Ó dúró láàárín ìlú, ó fi ìpanumọ́ lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Bàbá Moses ti kọ́ ọ, gbogbo Odò-Ẹgà sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Monica ń gbọ́ bí agbádá ọ̀gá rẹ̀ ti ń fi ara pa ara. Inú Ọ̀gá Àgbà dùn. Ó dúró síwájú kámẹ́rà, ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí Lọ́kọ́ja.

"Ẹ̀yin ènìyàn wa," ó ní, "òní ni ilẹ̀ mọ́. Gbogbo àná tí ẹ rò pé ó ti mọ́ rí, ìdánrawò lásán ni. Wọ́n bi mí pé, Olúwagbémiga, kí ni ìjọba rere? Mo ní, ẹ bi afárá. Wọ́n ní afárá kì í sọ̀rọ̀. Mo ní, èyí á sọ̀rọ̀. Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa, gbogbo ayé ni yóò gbọ́ ohun tí afárá yìí yóò sọ lónìí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u. Kò mọ̀ pé àsọtẹ́lẹ̀ lòun ń sọ.

Ó wọ jíìpù. Ó yọ orí àti àyà jáde ní ihò òrùlé ọkọ̀, ó di etí ihò náà mú lọ́tùn-ún lósì. Philip awakọ̀ rẹ̀ rọra ń wa ọkọ̀ bọ̀. Bí wọ́n ti dé ẹnu afárá ni àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀. Wọn kò lè fọhùn, nítorí náà gbogbo ara ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ìyá Agatha tú gèlè, ó ń jù ú síwá sẹ́yìn bí ẹni ń lé ẹyẹ kúrò nínú ìrẹsì. Bàbá Moses na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi ọ̀kan dábùú èkejì lórí. Ọkùnrin kan ń fi àtẹ́lẹwọ́ júwe ohun tó ń rì, á gbé e sókè, á rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á tún gbé e sókè.

"Ọ̀gá," ni Philip wí láti ìsàlẹ̀, "wọ́n ń júwọ́ sí wa o."

"Wọ́n ń yọ̀ ni. Máa wà á lọ."

"Ìyá yẹn ń sunkún, ọ̀gá."

"Ayọ̀ ni. Máa wà á lọ, má jẹ́ kó ṣe jẹ̀rẹ̀jẹ̀rẹ̀ lójú kámẹ́rà."

Ọ̀gá Àgbà rò pé ijó ìlú wọn ni èyí tí ọkùnrin yẹn ń fi ọwọ́ jó. Ó sì wù ú. Òun náà gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo Lọ́kọ́ja ń wò ó.

Ohùn tó kọ́kọ́ jáde kò tóbi. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fọ́ ẹyin sétí àwo. Níbi mìíràn, ní ọjọ́ mìíràn, kò sẹ́ni tí ì bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n ti so ewúrẹ́, wọ́n ti lé ẹgà, wọ́n ti ní kí Ọlọ́run sinmi, ó sì wọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn Monica kedere. Ilé kọ̀ọ̀kan tó ń wò ó ló gbọ́ ọ nínú pálọ̀. Ohùn kejì tẹ̀ lé e, ó gùn jù ú lọ. Iwájú jíìpù wá tẹrí ba bí ọmọ tó ń kí baba ìyàwó, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì nínú omi.

Philip gba fèrèsé jáde, ó bọ́ sínú omi tó mù ún dé orúnkún. Ọ̀gá Àgbà kò rí ọ̀nà jáde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ òrùlé, agbádá rẹ̀ bo gíláàsì iwájú, fìlà rẹ̀ ti ń bá odò lọ. "Ẹ gbà mí," ó ń wí. "Kí ẹnì kan dáhùn. Ṣé ẹ ò rí mi ni?"

Wọ́n rí i. Wọn kò dáhùn. Àwọn ọkùnrin bọ́ sínú odò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n gbé e bí ẹni gbé àpò iṣu, wọ́n gbé e kalẹ̀ sétí odò, ìyá kan fi aṣọ nù ún lójú. Gbogbo rẹ̀, ẹnu dídì ni. Bàbá Moses dúró níwájú rẹ̀, ó tọ́ka sí ẹnu ara rẹ̀. Ó tún tọ́ka sí i. Ọ̀gá Àgbà kò mọ ohun tó ń sọ, ó rò pé ebi ń pa bàbá náà. Monica ló tẹ̀ sí i létí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ ká a, ọ̀gá."

"Mo ká a," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

Ni ìlú bá bú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. "Okun o, ọ̀gá. Ẹ kú ewu. Okun o. Ẹ ò ṣèṣe? A ti ń sọ fún yín láti ìgbà tí ẹ ti wà lókè ọ̀hún." Ọkùnrin tó júwe rírì bínú díẹ̀. "Mo tilẹ̀ ṣe é, ẹ sì bá mi ṣe é," ó ní.

Kámẹ́rà ń wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó na ìka sókè.

Àwọn obìnrin Odò-Ẹgà kò jáfara. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò tó lọ lórí tẹlifíṣàn yẹn ti wà lórí gbogbo Wasáàpù láti Ìyàrá dé Ẹ̀gbẹ́. Ìyá Agatha fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ Ọ̀gá Àgbà, ó kọ sí i lábẹ́ pé: ẹ̀sùn wa nìyí o, ó ti mọ́, ó sì ti já.

Lọ́kọ́ja rán obìnrin kan wá gbọ́ ẹjọ́. Ọmọ́yẹlé ni orúkọ rẹ̀, ó ti dàgbà sínú iṣẹ́ ìjọba, ó mọ ìgbà tí a ń rẹ́rìn-ín àti ìgbà tí a ń fajú ro. Inú gbọ̀ngàn tẹlifíṣàn ńlá yẹn ni wọ́n jókòó sí. Ìyá Agatha wà níbẹ̀, Destiny wà níbẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Ọ̀gá Àgbà," ni Ọmọ́yẹlé wí, "mo ti ka òfin tí ẹ ṣe. Fídíò tí kò bá mọ́, tí ohùn rẹ̀ kò já, kò lè jẹ́ ẹ̀sùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè fún un ní máàkì. Bí ẹ bá ní fídíò yìí kò yege, ẹ̀sùn kò sí nìyẹn. Afárá á wà bí ẹ ṣe gbà á wọlé, ẹ̀yin náà á wà lórí àga yín. Bí ẹ bá ní ó yege, ẹ ti fi ẹnu ara yín gbà pé òtítọ́ ni. Ẹ ronú dáadáa."

Ọ̀gá Àgbà ti ronú. Gbogbo alẹ́ àná ló fi ronú. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù kó sọ: kò mọ́ tó. Destiny ti ṣẹ́jú sí i. Ìyá Agatha fi ọwọ́ méjèèjì di etí àga mú, ó ń wò ó.

Wọ́n tan fídíò.

Ẹ̀yin ará, ó lẹwà. Ojú ọjọ́ ti mọ́ rekete. Agbádá náà hàn dé orí òwú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ń dán. Ọ̀gá Àgbà la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta rẹ̀, ẹnu náà sì wà ní lílà bẹ́ẹ̀. Kò rí ara rẹ̀ kó dára tó báyìí rí. Nígbà tí afárá sán, ó fò lórí ìjókòó. "Ẹ gbọ́ ọ?" ó ní fún Ọmọ́yẹlé, ó ti gbàgbé ẹni tó jẹ́. "Ẹ gbọ́ bó ṣe já? Kò sí rédíò kan ní ilẹ̀ yìí tó gba irú ohùn yẹn sílẹ̀ rí."

"Ẹ máa wò ó lọ," ni Ọmọ́yẹlé wí.

Wọ́n dá a padà sẹ́yìn. Nínú èyí ló ti rí ohun tí kò rí láti orí ọkọ̀. Lẹ́yìn èjìká rẹ̀, nínú fídíò, Ìyá Agatha ń ju gèlè. Ojú obìnrin náà hàn kedere. Ó ti bu ètè rẹ̀ jẹ kí ohùn má baà jáde, omijé ń ṣàn, ó ń lé e padà, ó ń lé e padà bí ẹni ń lé ọmọ kúrò létí kànga. Ọkùnrin alágbádá inú ọkọ̀ náà sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wá ohun tí wọ́n lè yìn.

"Máàkì mélòó, Ọ̀gá Àgbà?" ni Ọmọ́yẹlé bi í.

"Ọgọ́rùn-ún," ni Olúwagbémiga wí. Ó nu ojú. "Bí mo bá ní kò tó bẹ́ẹ̀, mo purọ́."

"Nínú mélòó?"

"Ẹ má dà mí láàmú, mà. Nínú ọgọ́rùn-ún náà ni."

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ jíìpù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíìpù kò tíì jáde nínú odò. Wọ́n gbé ẹlòmíràn sórí àga kọmíṣọ́nnà. Destiny padà sí Odò-Ẹgà láti tún afárá ṣe. Àwọn obìnrin gbé àga wọn lọ sétí odò, wọ́n ń gé ẹ̀fọ́, wọ́n ń ka àpò sìmẹ́ńtì bó ṣe ń wọlé. Bó bá fẹ́ dín sìmẹ́ńtì kù, ẹnì kan á wúkọ́.

Olúwagbémiga padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Nígbà tí afárá tuntun parí, Ìyá Agatha ránṣẹ́ pè é, kó wá bá wọn jẹ iyán. Ọ̀kadà ló gbé e wá. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń dáhùn okun, ọ̀nà náà sì gùn jù bó ṣe rò lọ, nítorí àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ pọ̀ jù bó ṣe mọ̀ lọ.

Nígbà tó dé etí odò, ó ní kí ọlọ́kadà dúró. Afárá náà wà níwájú rẹ̀, wọn kò kùn ún. Ìyá Agatha wà ní òdìkejì, ó ń pè é.

"Ẹ máa bọ̀, ọ̀gá. Iyán ń tutù."

Olúwagbémiga sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan afárá náà. Ó mú òkúta kan nílẹ̀, ó fi lù ú, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó tún dìde, ó wo ẹ̀yìn wò. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ láti oko, ó kún fún iṣu dé ẹnu, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Olúwagbémiga yà kúrò lọ́nà fún un.

"Kí lẹ ń dúró dè?" ni Ìyá Agatha bi í.

"Ẹ jẹ́ kí iṣu kọ́kọ́ kọjá ná," ó ní.